Etí Tí Mo Jogún Lọ́wọ́ Yín

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ọba alágídí,

Wọ́n ní ọmọ àlè ní ń fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣe ọmọ àlè díẹ̀ lónìí. Inú ń bí mi sí yín, ó sì ti pẹ́ tó ti ń bí mi.

Ọdún mélòó lẹ fi dúró ti ẹ̀rọ ìfúnpo ní iléeṣẹ́ epo pupa yẹn? Ariwo rẹ̀ jẹ etí yín tán. Gbogbo Ìlútítun mọ̀, ẹ̀yin nìkan lẹ ò gbà. Ní àràárọ̀ ẹ ó fi ìyẹ́ adìyẹ ha etí, bí ẹni pé ìdọ̀tí lásán ló wà níbẹ̀. Bí ìyá mi bá sọ̀rọ̀, ẹ ó ní ó ń kùn sí yín. Bó bá gbé ohùn sókè, ẹ ó ní ó ń jágbe mọ́ ọkọ. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, nínú aṣọ funfun tí ẹ lọ̀ dáadáa, ẹ ké Halelúyà nígbà tí akọ̀wé ìjọ ń kéde òkú. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà náà. Ojú tì mí débi pé mo gba inú igbó lọ sílé. Ṣé ẹ tiẹ̀ mọ̀ pé mo kórìíra yín lọ́jọ́ náà?

Ó dáa, ọmọ tí kò bá jọ ṣòkòtò á jọ kíjìpá. Èmi jọ ṣòkòtò.

Ẹ mọ̀ pé èmi ni nọ́ọ̀sì àgbà ní ilé ìgbẹ̀bí. Ó tó ọdún kan báyìí tí ọ̀rọ̀ kì í dé etí mi tán mọ́. Fúnkẹ́, nọ́ọ̀sì kékeré tí ìjọba gbé wá bá wa láti Èkìtì, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni mi ò gbọ́ jù. Kí ni mo ṣe? Mo bú u níwájú àwọn aláboyún pé ahọ́n Èkìtì rẹ̀ ló wúwo, kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lanu sọ̀rọ̀ nílẹ̀ Ìkálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ tí mo fi inú mi bí, tó ń sọ Ìkálẹ̀ ketekete, n kì í gbọ́ tiwọn náà.

Mo kọ̀wé sí Démọ́lá, ọmọ yín tó wà ní Amẹ́ríkà, pé etí mi ń hó. Ó fi kásẹ́ẹ̀tì kan ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé pélébé. Ó ní orí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n fi wáyà so mọ́ gbogbo ayé, ni àwọn ará ibẹ̀ ti ń dán etí ara wọn wò láìkúrò nílé, òun sì gba àwọn ohùn ìdánwò náà sílẹ̀ fún mi. Mo fi í rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò wá sin bàbá rẹ̀, tó fi káàdì ránṣẹ́, òun ló fẹ́ di dókítà mi.

Ogún ohùn ló wà nínú kásẹ́ẹ̀tì náà fún etí kọ̀ọ̀kan, bó ṣe ń lọ ló ń rẹlẹ̀ sí i. Èyí tí mo bá gbọ́ ni kí n fàlà fún. Mo fi òwú dí etí kan, mo ki kásẹ́ẹ̀tì bọ inú rédíò, mo tàn án. Gbogbo ogún ni mo gbọ́! Mo dí èkejì, ogún náà ni. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ṣùgbọ́n iná pupa wẹ́wẹ́ kan wà lójú rédíò mi tó máa ń fò sókè bí ohùn bá ti ń jáde. Iná ni ojú mi ń wò, ọwọ́ mi sì ń fàlà. Mo mọ̀, Bàbá. N kò kàn fẹ́ mọ̀ ni.

Ìwé Démọ́lá ní kí n kọjú sí ògiri. Ní ọjọ́ kẹta, mo kọjú sí ògiri. Etí ọ̀tún gbọ́ mẹ́jọ, etí òsì gbọ́ méjì péré. Mo yọ kásẹ́ẹ̀tì náà, mo ní ọjà gbàǹjo ni, kò dára. Ohùn ẹnu mi dún bíi tiyín gẹ́lẹ́.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Adétutù, àgbẹ̀ obìnrin kan láti Ìjù-Odò, wá rọbí lọ́dọ̀ wa. Mo gbé ìwo kékeré tí a fi ń gbọ́ ọkàn ọmọ lé ikùn rẹ̀, mo fi etí tì í. N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo wo aago ọwọ́ mi, mo ń mi orí bí ẹni tó ń kà, mo sì kọ ogóje sínú ìwé, nítorí ogóje ni ọkàn ọmọ tó lálàáfíà. Fúnkẹ́ ò gbà mí gbọ́ mọ́. Bí mo ṣe jáde lọ fọ ọwọ́, ó tún fi etí tì í, ó sì gbọ́ pé ọkàn ọmọ náà ti ń falẹ̀ gan-an. Ó sáré wá ọkọ̀, wọ́n gbé obìnrin náà lọ sí ọsibítù ńlá, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Díẹ̀ báyìí ló kù kí ọmọ náà kú.

Ṣé ẹ̀rù ló ń ba ẹ̀yin náà, Bàbá? Ṣé ẹ rò pé wọ́n á lé yín níbi iṣẹ́, pé a ò ní jẹun? Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?

Lónìí ni Adétutù wá dúpẹ́. Ó ru ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kẹ́ẹ̀gì epo wá, ó gbé ọmọ lé mi lẹ́sẹ̀, nítorí ó rò pé èmi ni mo tètè fura. Fúnkẹ́ ń ká aṣọ lọ ní tirẹ̀. Ẹ̀yin ì bá gba ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà, ẹ ì bá sì súre fún un. Mo sọ òtítọ́ fún un. Mo ní n kò gbọ́ nǹkan kan lọ́jọ́ náà, mo ní irọ́ ni mo kọ sínú ìwé, mo ní Fúnkẹ́ ló gba ọmọ rẹ̀ là, òun ni yóò sì máa fi etí ti ikùn láti ọ̀la lọ. Ó wò mí bí ẹni tó tẹ ìgbẹ́. Ó gba ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi, ó pọ̀n ọ́n, ó sì gba ẹnu ọ̀nà lọ. Níbẹ̀ ló ti yíjú padà, mo rí ètè rẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

N kò gbọ́ ohun tó sọ. Fúnkẹ́ gbọ́, ṣùgbọ́n kò fẹ́ sọ ọ́ fún mi.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò sì tíì dárí jì yín.