Bọ́tìnnì Tí Mo Rán Pa

                                        Yàrá ìsàlẹ̀, ọwọ́ òsì,
                                        Ilé kẹta sí ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé.
                                        Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà.

Adúmáadán, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Ṣé àlàáfíà ni o? Ilé ńkọ́? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fi í sílẹ̀? Àbíkẹ́yìn yín tó máa ń jẹ ṣọ́ọ̀kì tí o fi ń ya aṣọ, ṣé ó ti jáwọ́, àbí ó ti gba búlúù mọ́ funfun? Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àìrójú. Mo mọ̀ pé o máa ti bínú sí mi, pé lẹ́tà rẹ dé láti ọjọ́ yìí, mi ò fèsì. Má bínú. Ara mi ni kò balẹ̀.

Títí di ìsinsìnyí náà, kò tíì balẹ̀. Orí bẹ́ǹṣì ni mo ti ń kọ èyí, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ mi. Ìwé tí mo fi ń ya apá aṣọ ni mo fà ya sí méjì, òun ni mo gbé lé itan. Mo ti dìde lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Obìnrin tó ń nu ilẹ̀ ti ní kí n gbẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo ń da omi sílẹ̀ fún un.

Inú yàrá yẹn ni ọmọbìnrin wa, Ìyá Àgbà, wà. O rántí pé àwa méjèèjì la sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta tó ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ní ọmọ-ọmọ mẹ́jọ. Ó ti pé mẹ́fà báyìí, ẹnu náà ò dín. O sì rántí bí mo ṣe bí i, tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ méjèèjì nà gan-an bí igi, tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ wọnú. Wọ́n ní oríkèé rẹ̀ ti le láti inú oyún, pé kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Mo di ọ̀rọ̀ yẹn mú ṣinṣin, pé kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Àṣé ẹ̀bi tèmi ń bọ̀ lẹ́yìn.

Láti ọdún tó kọjá la ti ń wá síbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ọkùnrin kan wà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìdúró àti ìrìn, Bọ̀ọ̀dá Ẹsẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Èyí tó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa fi ọwọ́ ara wọn jẹun, wọṣọ, mú pẹ́ńsù, Àǹtí Ọwọ́ lòun. Obìnrin kúkúrú ni, kì í pariwo, ṣùgbọ́n tó bá wò ọ́ báyìí, gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ lo máa rántí. Ó ní rúlà ike ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó fi ń wọn bí ìgbọ̀nwọ́ ṣe ń tẹ̀ sí. Ó ní abọ́ iyanrìn tó máa ń ri nǹkan mọ́ kí wọ́n wá a kàn, ó ní pẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ okùn títí àtàǹpàkò á fi pọ́n. Lọ́jọ́ kan ó gbé bèbí sórí pẹpẹ, ó ní kí Ìyá Àgbà nawọ́ mú un. Ọmọ yìí fọwọ́ lẹ́rán díẹ̀, ó ní, “Àǹtí, ṣé ẹ ò gbọ́ pé ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ ni?” Àǹtí Ọwọ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ jígí ojú rẹ̀. Ó ní, “Tèmi náà ò wọ kèrègbè. Ó yá, nawọ́.” Ó sì nà án.

Ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì ló wá dé. Àǹtí Ọwọ́ ní kí aṣọ tí ọmọ máa wọ̀ nílé máa ní bọ́tìnnì márùn-ún níwájú, kó máa dè wọ́n fúnra rẹ̀ láràárọ̀. Ó fún mi ní ìwé kan tí wọ́n fa ìlà sí, kí n máa kọ ọ́ síbẹ̀ lójoojúmọ́: ṣé ó dè é, mélòó ló dè? Adúmáadán, jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí láàárọ̀ àkọ́kọ́ fún ọ. Ogún ìṣẹ́jú lórí bọ́tìnnì kan. Ó ń làágùn. Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, kò sì sunkún, àìsunkún yẹn gan-an ló pa mí. Ìwọ náà mọ ọwọ́ mi. Ọ̀gá wa máa ń sọ nígbà tá a wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ pé ọwọ́ tèmi kì í gbọ́ràn, pé tó bá ti rí ibi tí aṣọ ti wọ́, ó ti tún un ṣe kí olówó aṣọ tó sọ̀rọ̀.

Nígbà tó sùn lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo gbé aṣọ yẹn sórí maṣíìnì. Mo rán iwájú rẹ̀ pa láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo fi bọ́tìnnì márààrún lé e lórí, wọ́n dúró rẹ́gí, mo tún fi òwú ya ojú bọ́tìnnì sí i, kò sẹ́ni tó máa rí i láti òkèèrè tí kò ní sọ pé aṣọ ọlọ́bọ́tìnnì ni. Mo wá gba ọrùn rẹ̀ láàyè, mo ki rọ́bà sí i, kí ọmọ kàn fà á wọ̀ látorí. Mo ṣe méje bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ náà mọ́, kí n má parọ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, Ìyá Àgbà á fà á wọ̀ ní ìṣẹ́jú kan, èmi á mú bírò: ó wọṣọ fúnra rẹ̀, bọ́tìnnì márùn-ún. Mo ń tan ara mi pé irọ́ kọ́, ṣebí aṣọ wà lọ́rùn, bọ́tìnnì wà láyà. Lọ́jọ́ tá a bá ń bọ̀ níbí, màá wọ̀ ọ́ ní gáùn tí kò ní bọ́tìnnì rárá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá gbáko.

Mi ò rò ó pé ẹnikẹ́ni ń ka ìwé ọ̀hún. Àǹtí Ọwọ́ ń kà á. Dókítà eegun náà ń kà á. Wọ́n wo ìwé, bọ́tìnnì márùn-ún lójoojúmọ́. Wọ́n wo ọmọ, kò lè de ẹyọ kan. Dókítà wá ní bí ọmọ bá ṣiṣẹ́ tó báyìí nílé tí ọwọ́ ò yí padà, a jẹ́ pé ìdánrawò ò lè ṣe nǹkan kan mọ́, ọ̀bẹ ló kù. Ó ní àwọn máa la ẹ̀yìn ìgbọ̀nwọ́ náà, àwọn á fa iṣan rẹ̀ gùn. Ó lè tẹ̀ dáadáa lẹ́yìn rẹ̀, ó sì lè má lágbára mọ́ láti fi ti ara rẹ̀ dìde lórí àga. Ó ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ó sì ti ń wá ọjọ́ nínú ìwé rẹ̀.

Yéè! Bàbá rẹ̀ jókòó tì mí, ó ń mi orí, ó ní bí dókítà bá ti wí. A délé, mi ò sọ. Ilẹ̀ mọ́, mi ò sọ. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Tèmi ò tiẹ̀ lè sá fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹta, mo ká ọ̀kan nínú aṣọ náà sínú àpò, mo lọ tẹ́ ẹ sórí tábìlì Àǹtí Ọwọ́. Ó fi ìka wá ojú bọ́tìnnì, kò rí i. Ó yí aṣọ náà pa dà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ń retí ariwo, ariwo ì bá sàn. Ó kàn ní, “Mọ́mì, ọwọ́ ta ni mò ń tọ́jú, ti ọmọ ni àbí tiyín?”

Òun náà ló bá dókítà sọ̀rọ̀, tí wọ́n fi fún wa ní oṣù kan. Kí n rán aṣọ gidi kan, kí ọmọ máa dè é, kí èmi bọ́ síta kí n sì ti ilẹ̀kùn. Bàbá rẹ̀ ló ń jókòó tì í láàárọ̀. Èmi á wà lẹ́yìnkùlé, màá máa fọ abọ́ tó ti mọ́. Nígbà tí mo jẹ́wọ́ fún bàbá rẹ̀, kò bú mi o, ó kàn ń wò mí bí ẹni ń wo ọbẹ̀ tó jóná. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ń dá mi lóhùn pẹ̀lú “hùn”.

Òní ni oṣù pé. Dókítà wà nínú yàrá yẹn, Àǹtí Ọwọ́ wà níbẹ̀, Ìyá Àgbà wà níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ rẹ̀. Bí ìgbọ̀nwọ́ bá tẹ̀ dé ibi tí wọ́n sàmì sí, tó sì de bọ́tìnnì mẹ́ta nínú márùn-ún, kò sí ọ̀bẹ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa gbé e wọlé.

Dúró ná. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ọmọ mi kọ́, ohùn ọkùnrin ni. Kí ló ń pa dókítà lẹ́rìn-ín?

Mo lọ fi etí mọ́ ilẹ̀kùn. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Obìnrin tó ń nu ilẹ̀ ní, “Màámi, bẹ́ ẹ bá wò ó dọ̀la, ilẹ̀kùn ò ní sọ̀rọ̀.” Mo pa dà wá jókòó. Ogójì ìṣẹ́jú ti lọ. Ojú bọ́tìnnì kejì ni mò ń rò, ó há díẹ̀, èmi ni mo rán an, kí ló dé tí mi ò là á sí i? Ọwọ́ ń yún mi. Mo ti jókòó lé méjèèjì rí kí n tó tún mú bírò. Wọ́n ti ń ṣílẹ̀kùn. Ó di ìgbà tó bá yá.

Ọ̀rẹ́ mi, ilé ni mo wà báyìí. Mẹ́ta! Mẹ́ta ló dè, Adúmáadán! Ó fo ojú kan, ẹ̀gbẹ́ kan aṣọ gùn ju ìkejì lọ, ọ̀tún dé itan, òsì wà ní ìdodo. Ọwọ́ mi ti nà sí i kí n tó mọ̀, Àǹtí Ọwọ́ wúkọ́, mo fà á pa dà kíá. Ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún ti tẹ̀ débi tí ìka rẹ̀ fi ń kan àgbọ̀n, kò tíì dé ẹnu. Dókítà ní ká fi ọ̀bẹ sílẹ̀ ná, pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà àwọn á tún wò ó. “Ná” tó sọ yẹn ò tíì kúrò létí mi, ṣùgbọ́n mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin lórí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù.

Bá a ṣe ń bọ̀ lọ́nà, inú mi dùn débi pé mo fẹ́ bá ọmọ náà tu gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo ní kó má bínú nípa àwọn aṣọ tí mo rán pa, pé òógùn tó ń là ni mi ò lè wò. Ó ní òun ti mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, òun fi èékánná wá ojú bọ́tìnnì, kò ṣí. Mo ní kí ló wá dé tí kò sọ̀rọ̀? Kò tiẹ̀ wojú mi. Ó ní, “Mo rò pé dókítà ti sọ fún yín pé mi ò ní lè ṣe é láéláé ni, tí ẹ ò fẹ́ kí n gbọ́. Ni mo ṣe ń fà á wọ̀.”

Mo dúró lójú títì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá lọmọ ọdún mẹ́fà fi gbé ìyẹn sínú, tó ń kí mi pé ẹ kú àárọ̀, tó ń jẹun, tó ń bú mi pé ọbẹ̀ mi ò níyọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, àwọn èèyàn ń wò wá. Ó ní kí n dìde, pé aṣọ mi ti ń dọ̀tí.

Mẹ́fà ló kù nínú aṣọ náà, Àǹtí Ọwọ́ kò dá ọ̀kan yẹn pa dà. Mo ti ń fi wọ́n pamọ́ sísàlẹ̀ àpótí, torí “bóyá”. Mo ti kó wọn jáde. Èmi ń fi bíléèdì gé òwú, Ìyá Àgbà ní òun ló máa fà á jáde, kí n má fọwọ́ kàn án. Ó ń fi àtàǹpàkò àti ìka kan wá orí òwú, ó ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó tún ń wá a. Aṣọ kan ti gbà wá ní wákàtí kan. Márùn-ún ṣì wà nílẹ̀. Torí kí ọwọ́ mi lè ríbi gbé ni mo ṣe gbé lẹ́tà yìí, tí mo ń kọ ọ́ parí.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, kó máa rọra gbé nǹkan. Kí gbogbo àwọn ọmọ, kí Ọ̀gá wa bó o bá yà síbẹ̀, ṣùgbọ́n má sọ fún un nípa iṣẹ́ yìí, ojú á tì mí. Ìyá Àgbà ní kí n kí ọ, ó ní tó o bá máa rán aṣọ sí òun, kó jẹ́ ọlọ́bọ́tìnnì, kí ojú rẹ̀ là.

Èmi ni, tìrẹ tọkàntọkàn,

Alábẹ́rẹ́.