Àjàrà Wà Lóòrùn, Aṣọ Wà Nínú Àpótí

Ọjọ́ Ajé, 21 oṣù Kẹjọ
Apẹ̀rẹ̀ àjàrà mẹ́rìndínlógún péré. Èṣí, mọ́kànlélógún. Mo ti tẹ́ gbogbo rẹ̀ sórí eérú dúdú òkè ayọnáyèéfín lẹ́yìn ilé kí oòrùn fà á gbẹ. Bí a bá fún un, yóò kún àgbá kékeré—bóyá. Àgbá tí kò bá kún, wáìnì inú rẹ̀ á kan. Ọdún kan gbáko ṣòfò nìyẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun
Ọ̀gá Ìtọ́wò—Nikíforo ọkọ mi—ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun ń wò ó bóyá ó ti dùn. Àná ńkọ́? Ó ní àná kò tíì dùn.

Ọjọ́rú
Ìyá rẹ̀ náà tọ́ ọ wò. Odidi ìdì kan. Obìnrin tí kò léyín!

Ọjọ́ Ẹtì, 25
Nikíforo ní ká ra tapólì bo àjàrà nítorí òjò. Yúrò méjìdínlógójì! Òjò wo, nínú oṣù Kẹjọ? "Ìyá Zabéta, ṣó o fẹ́ kówó yẹn sin ẹ́ ni?" Ó ní bí n kò bá rà á, kí n tú aṣọ ibùsùn mẹ́fà tí ìyá mi hun fún ìgbéyàwó mi jáde nínú àpótí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, n kò tẹ́ ọ̀kan rí. Ti Zabéta ọmọ mi ni. Èyí tí à ń sùn lé ṣì dára. Ihò mẹ́ta péré. Ẹsẹ̀ Nikíforo ló ń yọ nínú ọ̀kan.

Ọjọ́ Àìkú
Àjàrà ti ń hunjọ. Agbọ́n pọ̀. Ọ̀gá Ìtọ́wò pọ̀ jù wọ́n lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 29
Òjò ṣú lójú òkun! Mo sáré, mo já àpótí. Ìyá ọkọ mi figbe ta lẹ́nu ọ̀nà: "Ìyàwó! Aṣọ ìyá ẹ!" Mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di etí ẹ̀ mú!" A fi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bo àjàrà. A dúró. Ẹ̀kán mẹ́ta. Ọ̀kan bọ́ sí Nikíforo nímú. Afẹ́fẹ́ gbé ìyókù lọ. "Ìyá Zabéta, ó jọ pé òjò ti dá."
Omi àjàrà ti ba gbogbo aṣọ jẹ́.

Ọjọ́bọ̀
Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ọṣẹ kan àbọ̀. Àbàwọ́n ò lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2 oṣù Kẹsàn-án
A fún un. Àgbá kún dẹ́nu! Ó ṣẹ́ kù ife kan. Ìyá ọkọ mi tọ́ ọ wò títí ó fi tán.

Ọjọ́ Àìkú
Aṣọ alábàwọ́n kò ṣeé kó fún ọmọ. Mo tẹ́ ọ̀kan. Ó tutù, ó ń rùn bí oyin. Nikíforo na ẹsẹ̀, ó wá ihò títí. "Ẹsẹ̀ mi ò mọ̀nà ilé mọ́ o." Mo fẹ́ ṣírò iye òru tó wà nínú ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo jáwọ́.
Oníhò mẹ́ta yẹn ti wà nínú àpótí. Òun la ó fi bo àjàrà lọ́dún tó ń bọ̀.