Ejò Abìyẹ́ Náà Ò Ní Kú

Ẹ̀gbọ́n mi Adémúyìwá,

Ẹ kú òtútù o, ẹ̀yin àti ìyàwó yín. Orúnkún Dádì ti ń san díẹ̀díẹ̀.

Màmá ò fọwọ́ kan ìkọ́kọrẹ́ lánàá. Ẹ̀yin lẹ fà á. Gbogbo Sátidé ni mò ń túmọ̀ àwọn ìwé ìtàn idán Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ ń fi ránṣẹ́ fún wọn, tá a jọ ń jiyàn. Ìwé kẹfà la wà tí ẹ fi sọ fún wọn lórí fóònù pé ejò abìyẹ́ tí wọ́n fẹ́ràn jù kú nínú ìkeje.

Mo ti pinnu. Ẹ fi ìkeje ránṣẹ́. Ejò náà ò ní kú lẹ́nu mi. Á fò wá sí ọ̀sà Òde-Omi, nílùú Màmá. Bí Màmá bá bi yín, ẹ ní ẹ ṣì í kà ni.

Kí Olúwa ṣọ́ yín, kó bá wa ṣọ́ ẹnu yín.

Àbúrò yín,
Moyinolúwa, Ìjẹ̀bú-Igbó.