Ta Ló Ń Kanlẹ̀kùn?

Olóòtú wa, mo kí yín o, mo kí gbogbo ẹni tó ń gbọ́ yín. Ẹ má bínú pé mi ò dárúkọ. Onígbàjámọ̀ ni mí.

Nígbà tí mò ń lo oògùn olóró, mo máa ń sùn fọnfọn. Ìyá mi á ní ara ọmọ òun balẹ̀. Ní báyìí tí mo ti jáwọ́, tí ilẹ̀ bá ti ṣú, àyà mi á máa já, òógùn á bò mí, màá rò pé ikú ló dé. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú mi ní kí n máa bọ́ síta gbatẹ́gùn, pé á rọlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tá a jọ ń gbé gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi lóru bí mo ṣe ń jáde, ó ní mo ti padà sídìí oògùn. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ti ìlẹ̀kùn mọ́ mi látìta. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Tí mo bá kanlẹ̀kùn, á ní, "Oògùn yẹn ló ń pè ẹ́. Má dá a lóhùn."

Ẹ̀gbọ́n mi kì í fi ètò yín ṣeré. Ẹ̀yin àti àwọn olùgbọ́, ẹ bá mi bi í: ta ló ń kanlẹ̀kùn yẹn, ṣé oògùn ni àbí àbúrò ẹ̀?