Èmi Ni N Ó Wẹ Ọmọ Náà, Kì Í Ṣe Mọ́mì Jessica

Odògbolú,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Déọlá ọmọ mi, Àjọkẹ́ mi,

Báwo ni ara, báwo ni ẹrù inú? Mo kí Theophilus ọkọ rẹ, mo sì kí yín fún ooru Yábàá, nítorí mo gbọ́ pé iná ti lọ láti ọjọ́ Ẹtì. Olúwa tó bá ọ pa oyún náà mọ́ fún oṣù mẹ́jọ, òun náà ni yóò bá ọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní wọ́ọ́rọ́wọ́. O ò ní fi omijé wo ọmọ, wàá gbóhùn ọmọ, ọmọ á gbóhùn ìyá. Ẹnikẹ́ni tó bá sì ní òun fẹ́ gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ ṣáájú èmi ìyá rẹ, kí bàtà rẹ̀ já lójú ọ̀nà. Mo mọ̀ pé o ò ní ṣe àmín sí èyí tó kẹ́yìn, mo ti bá ọ ṣe é.

Bàbá rẹ wà ní àlàáfíà, rédíò ni wọ́n ń bá jà láràárọ̀, wọ́n á ní irọ́ ni, bí ẹni pé ẹni tó ń ka ìròyìn ń gbọ́ wọn. A ti wa ẹ̀gẹ́ ẹ̀yìnkùlé, a ti yan gàrí, mo ti di tìrẹ lọ́tọ̀, ó kan dáadáa bí o ṣe fẹ́ ẹ. Ewùrà kò ṣe dáadáa lọ́dún yìí, ṣùgbọ́n èyí tí a ó fi ro ìkọ́kọrẹ́ fún ọ lẹ́yìn ìbímọ, mo ti fi í pamọ́ sábẹ́ ibùsùn.

Déọlá, n kò ní fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Mo ń jowú. Inú fóònù tí o rà fún mi ló ti bẹ̀rẹ̀. Mo ń wo ibi tí àwọn èèyàn ń lẹ àwòrán mọ́ lórí Wásáàpù, ni mo bá rí ọ, ni mo bá rí Mọ́mì Jessica, bí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń pe Jessica, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń kọ́ ọ níwèé, tó gbọ́wọ́ lé ikùn rẹ bí ẹni tó ń yẹ ìbẹ́pẹ wò bóyá ó ti pọ́n. Èékánná rẹ̀ gùn, ó sì kùn wọ́n ní pupa. O wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ìyá rẹ nìyí. Mo pòṣé sí i. Nígbà tí mo tún wá a lọ ní ọjọ́ kejì, kò sí níbẹ̀ mọ́, mo mọ̀ pé òṣé yẹn ló lé e lọ. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n máa fi “wọ́n” pọ́n ọ̀jọ̀gbọ́n lé, àmọ́ nínú lẹ́tà tèmi, “ó” ni n ó máa pè é.

Bẹ́ẹ̀, òṣé yẹn ò ì tíì gbẹ lẹ́nu mi tí bàbá rẹ fi sọ pé o pè, pé o ní nítorí ọkàn mi tó ń lù kì-kì-kì yìí, kí n jókòó sílé kí n sinmi, pé Mọ́mì Jessica ti ní òun yóò máa wá wẹ ọmọ náà láràárọ̀. Wẹ ọmọ ta ni? Ìyá mi ló wẹ̀ ọ́. Orí itan rẹ̀ ló tẹ́ ọ sí, tó fi kànìnkànìn bó ọ lára, tó fi òrí ra ọ́, tó nà ọ́ lápá nà ọ́ lẹ́sẹ̀, tó mú ọ lórí mọ títí orí rẹ fi rí rogodo bẹ́ẹ̀. Ìyá tó bí ìyá ọmọ ló ń ṣe é. Àjọkẹ́ ni mo sọ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi àti bàbá rẹ ni mo ní kí a jọ máa kẹ́ ọ, n kò ka Jessica mọ́ ọn.

Mo wá ní kí n mọ ohun tí obìnrin yìí fi ń fa ojú ọmọ mi mọ́ra. Ìwé ìtàn tí o gbàgbé sórí kọ́bọ́ọ̀dù nígbà tí o wá ṣe Àjíǹde, àti èyí tí ìwọ fúnra rẹ kọ tí o sì tẹ̀ fún oyè ẹ̀kọ́ rẹ nípa àwọn obìnrin inú irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ìtàn ilé ńlá tó ń dẹ́rù bani, mo gbé méjèèjì kalẹ̀ pẹ̀lú dikiṣọ́nárì bàbá rẹ. Ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú tìrẹ, ọpẹ́ lo ń dá. O dúpẹ́ lọ́wọ́ Mọ́mì Jessica, o dúpẹ́ lọ́wọ́ Theophilus, o dúpẹ́ lọ́wọ́ ilé ìkàwé, o wá dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ. Ilé ìkàwé ṣáájú mi, Déọlá. Ilé ìkàwé tí kò fún ọ lọ́mú rí.

Mo bínú ka ìwé ìtàn náà, ìbínú ọ̀hún sì di àánú. Obìnrin inú rẹ̀, Henrietta, ṣe mí láàánú. Wọ́n fi í fún ọlọ́rọ̀ kan tó kọ́ ilé òkúta sórí òkè, yàrá ogójì, kò sì sí aládùúgbò kankan. Ó ń gbọ́ ẹkún lẹ́yìn ògiri, ọkọ rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ ni. Ọkàn rẹ̀ ń lù ní ojú ìwé kẹsàn-án, ó dákú ní ojú ìwé kejìlá, kò sì sí ẹni tó gbé e lọ sí ọsibítù, iyọ̀ olóòórùn kan ni wọ́n ń gbé sí i nímú kó lè jí. Níbo ni àwọn èèyàn rẹ̀ wà? Ní Ìjẹ̀bú níbí, bí ìyàwó bá ní òun ń gbọ́ ẹkún lẹ́yìn ògiri, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á ti dé kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n á sì ti da ògiri ọ̀hún wó. Mo kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àdúrà Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, pé Henrietta, ìyàwó ilé, nílò ìtúsílẹ̀. Àwọn ìyá gbàdúrà náà kankan, àwọn mẹ́ta tiẹ̀ gbààwẹ̀. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni ìyàwó alùfáà bi bàbá rẹ léèrè bóyá Henrietta ti jáde, ni bàbá rẹ bá ní inú ìwé ìtàn ló ń gbé. Àwọn ìyá náà ò tíì kí mi dáadáa láti ìgbà náà. Mo ṣì mọ̀ pé àdúrà kì í ṣòfò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ọkàn tèmi dé nìyí. Mo lọ rí Dókítà Rídwàn ní ilé ìwòsàn kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọmọdé ni lójú mi, ṣùgbọ́n ó ní sùúrù. Mo sọ fún un pé ooru ń mú mi lójijì nínú ọyẹ́, tí ọkàn mi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láìsí ẹni tó ń lé e. Ó ní ohun kan wà tí ara obìnrin ń pèsè, họ́mónù ni wọ́n ń pè é, pé ó máa ń pọ̀ nígbà tí a bá ṣì ń ṣe nǹkan oṣù, ó sì ń ran ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́. Bí nǹkan oṣù bá ti dúró, ó ní yóò dínkù gan-an, ọkàn àgbà obìnrin á wá dà bí ilé tí ọlọ́dẹ rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì. Mo bi í pé níbo ni tèmi lọ. Ó ní kò lọ síbì kankan, ara mi ni kò ṣe é bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Mo bi í bóyá ó ń pọ̀ lára aboyún, ó ní ó ń pọ̀ gan-an ni. Mo ní ó tán, mo ti mọ ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Déọlá, mo fi í ta ọ́ lọ́rẹ, má dá a padà. Kí Jessica ṣáà má bù nínú rẹ̀ ni, òun náà ti dàgbà, kó lọ máa wá tiẹ̀ tó sọnù.

Mo sọ ti Henrietta fún un pẹ̀lú. Ó ní ọmọ ọdún mélòó, mo ní mọ́kàndínlógún. Ó ní ti ọmọdébìnrin yẹn yàtọ̀, pé họ́mónù mìíràn wà tó máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ kíá bí ẹ̀rù bá ba èèyàn, tàbí inú bí i, tàbí tó bá ń jowú, òun ló ń mú ọkàn sáré. Ìgbà tó dé orí owú yẹn ni mo wolẹ̀. Ó wá ní kí n dùbúlẹ̀ kí ẹ̀rọ kan ya bí ọkàn mi ṣe ń lù sórí ìwé.

Ha! Bí họ́mónù owú bá wà lára mi, ṣebí ẹ̀rọ náà á kọ ọ́ síta ni, orúkọ Jessica á sì jáde gbàǹgbà. Nọ́ọ̀sì tó sì máa kà á, Mardiyah ni, ọmọ Kúbúrátù aládùúgbò wa. Ohun tí Kúbúrátù bá gbọ́ láàárọ̀, wọ́n á ti gbọ́ ọ ní Ìjagun kí oòrùn tó kan àtàrí. Wọ́n ní kí n bọ́ bùláòsì kí wọ́n lẹ nǹkan mọ́ mi láyà. Àwọn àgbà sì ní òjòwú ò lẹ́ran láyà, kí ni wọ́n fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́? Mo ní mo fẹ́ lọ tọ̀, mo gba ẹ̀yìn jáde, mo wọ kẹ̀kẹ́ dé Odògbolú.

Ni dókítà bá pe bàbá rẹ, ó ní láìrí ìwé yẹn, òun ò ní fọwọ́ sí i pé kí n rìnrìn àjò. Ìwọ náà sì ti ní láìsí ọ̀rọ̀ dókítà, n kò gbọdọ̀ tẹ Yábàá. Mo bá jókòó sílé, mo tún gbé ìwé tí o tẹ̀, kí n lè rí àléébù nínú ẹ̀kọ́ obìnrin yẹn. Mo wá kan ibi tí o ti kọ ọ́ pé dídákú àwọn obìnrin wọ̀nyẹn kì í ṣe àìlera nìkan, pé ohun tí wọn ò jẹ́ kí ẹnu wọn sọ ni ọkàn wọn ń sọ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo sunkún, Déọlá. Ó dára ju bí mo ṣe rò lọ, ó sì dùn mí pé Jessica ló kọ́kọ́ kà á.

Ní Ọjọ́bọ̀ mo padà lọ. Kí wọ́n tó so mí mọ́ ẹ̀rọ, mo sọ fún Mardiyah pé mo ń jowú obìnrin kan ní Èkó, pé kó gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí ẹ̀rọ tó sọ ọ́. Ó ní ìyá òun náà kò bá ìyá ọkọ òun sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́rin nítorí ìwẹ̀ ọmọ, kí n dùbúlẹ̀ jàre. Kúbúrátù tó ń pa á mọ́ra fún gbogbo wa! Bí ẹ̀rọ ṣe ń ya ìlà ni Mardiyah di fọ́ọ̀mù mú, tó ní òun fẹ́ kọ orúkọ ẹni tí wọn ó pè bí nǹkan bá ṣe mí. Mo ti ìwé náà bọ inú lẹ́tà yìí. Ibi tí ìlà ti fò sókè jù, ibẹ̀ ni mo ti dárúkọ rẹ.

Dókítà wò ó títí. Mo bi í bóyá ó rí orúkọ obìnrin kankan níbẹ̀, ó ní tèmi nìkan ló rí. Ó ní ọkàn mi ń kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ṣùgbọ́n kò burú, kí n máa lo oògùn láràárọ̀, kí n dín iyọ̀ kù. Mo bi í pé ṣé mo lè wẹ ọmọ. Ó ní mo lè wẹ ọmọ lórí ìjókòó, àmọ́ n kò gbọdọ̀ gbé garawa omi.

Nítorí náà, fi owó oògùn ránṣẹ́, àti owó ọkọ̀ tó máa gbé èmi àti gàrí, kí o sì fi ti ìgò ojú kún un, nítorí ìwé rẹ ti fọ́ mi lójú. Ọlọ́run tó fún mi ní ìwọ yóò fún ọ ní èyí tí yóò dùn mọ́ ọ ju bí o ṣe dùn mọ́ mi lọ. Ọwọ́ rẹ á mókè, ọmọ rẹ á jókòó tì ọ́ bí mo ṣe fẹ́ jókòó tì ọ́ yìí.

Bá mi kí Mọ́mì Jessica. Bó bá fẹ́ràn rẹ tó bí o ṣe kọ ọ́, kó máa gbé omi wá láràárọ̀, kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, kó sì gé èékánná yẹn. Bí mo bá wẹ ọmọ tán, tí mo fi òrí ra á, mo lè jẹ́ kó gbé e. Díẹ̀ ni o.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,
Susannah.