Òdo Tí Ìyá Rẹ Gbà

Ọmọ mi àtàtà,

Alága ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa ti kéde pé látìgbà tí aláyé ti dáyé, kòkòrò kan ò tíì wọ àká òun kó jáde láàyè, àti pé ẹ̀wà òun ni yóò gbé wa dé òkè òkun. A pàtẹ́wọ́. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Orúnkún mi ṣì ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́, ṣùgbọ́n ara le.

Àwọn tó fẹ́ ra ẹ̀wà wa ní àfi káwọn kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, bóyá oró oògùn kòkòrò ṣẹ́ kù sínú rẹ̀. Gbogbo làálàá ọdún yìí dọwọ́ àyẹ̀wò náà. O mọ ìyá rẹ, kì í fi oògùn sí oúnjẹ. Ó sá tirẹ̀ títí tó fi ń ró kókó lábẹ́ eyín, ó rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, ó dé e pinpin kí kòkòrò má baà rí atẹ́gùn mí. Alága ní ìwà ará àtijọ́ nìyẹn, pé hóró oògùn mẹ́ta lòun ń sọ sínú àpò kọ̀ọ̀kan, mẹ́rin bínú òun bá dùn.

Ìwé èsì dé, alága gba méjìdínlógún, ìyá rẹ gba òdo. Òdo, ọmọ mi! Nínú ilé èmi tí mo fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ṣe tíṣà! Alága ti ń ra ohun mímu fún èèyàn kiri. Mo wọ kóòtù, mo mú bírò pupa mi, mo lọ bẹ obìnrin tó wà nílé àyẹ̀wò pé kó jọ̀ọ́, kó fún ìyàwó mi ní máàkì márùn-ún, bó tilẹ̀ jẹ́ ti ìmọ́tótó lásán. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní Bàbá, oró là ń kà níbí, kì í ṣe ọgbọ́n, ẹni tó bá ti kọjá mẹ́wàá, a ó dá ọjà rẹ̀ padà ni. Òdo nipò kìíní.

Mo sáré délé, orúnkún gbàgbé ara rẹ̀. Ẹ̀wà ìyá rẹ ló kọ́kọ́ wọ ọkọ̀. Àwọn tó ń fi kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ ló ń tò sẹ́nu ọ̀nà wa báyìí, tí wọ́n ń pè é ní ọ̀gá. Èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀, kóúnjẹ má baà pẹ́.

Nítorí náà, fowó ogún kẹ́ẹ̀gì ránṣẹ́, àwọn tí ìdérí wọn le, kí o sì fi ti bírò pupa kan lé e. Níbi tí wọ́n bá ti ń wọn oró, òdo ni wàá máa gbà. Níbi tí wọ́n bá ti ń wọn oore, tìrẹ á kún àkúnwọ́sílẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ.

Mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé: wọ́n dá ọjà alága padà, òun fúnra rẹ̀ ò sì tíì jáde nílé látìgbà náà. Ẹ̀wà tó ń kó wá fáwọn ọmọ iléèwé wa jẹ, ọdún mẹ́sàn-án gbáko, ta ló yẹ̀ ẹ́ wò?