Ọkọ Opó Tó Ru Ẹ̀rọ Ìlọta

                                        Ojúlé Kẹtàdínlógún,
                                        Òpópónà Fadérera,
                                        Mushin, Èkó.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Keje, 2025.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Motọ́lání,

Ó mà pẹ́ o, àbí kí n kúkú sọ pé o ti pa mí tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti ọjọ́ tó o ti rọ́kọ fẹ́. Báwo ni Ògbómọ̀ṣọ́? Ṣé ara ọkọ rẹ le? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá ọkọ rẹ ti rọlẹ̀? Iṣẹ́ olùkọ́ ńkọ́, àbí àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ ti sọ ẹ́ di aláriwo bíi tiwọn? Ara tèmi le, a dúpẹ́. Òjò kàn ń rọ̀ ní Mushin bíi pé ẹnì kan gbàgbé láti ti ẹ̀rọ omi lókè ni, omi sì ti gba iwájú ilé níbi tí àwa méjèèjì máa ń jókòó sí. Gbogbo ará ilé ń kí ọ.

Jọ̀ọ́, wá ibì kan jókòó kó o tó ka èyí tó kù. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹnu ti ń yà mí, kò sì tíì padé. Ọ̀rọ̀ Bọ̀dá Àkàngbé àti Àǹtí Abọ́sẹ̀dé ni, tọkọtaya tó wà ní yàrá tó kọjú sí tiwa, àwọn tó o máa ń sọ pé wọn kì í jà, wọn kì í sì í ṣeré. Kí n tètè sọ ọ́: Bọ̀dá Àkàngbé ò kú o! Bí wọ́n bá sọ fún ẹ lọ́dọ̀ yín pé wọ́n kú, irọ́ ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kí wọn tán báyìí ni, wọ́n ń fọ eyín lẹ́yìnkùlé.

O mọ̀ pé iṣẹ́ ìpolówó àti ètò ayẹyẹ là ń ṣe níbi iṣẹ́ mi ní Yaba. Ilé-iṣẹ́ olóròóró kan láti Ìlúpéjú ló gbé iṣẹ́ wá fún wa lóṣù tó kọjá. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí mi ò tíì gba owó oṣù. Wọ́n fẹ́ ṣe ọjọ́ ìtọrẹ fún àwọn opó. Àwọn èèyàn jàǹkàn-jàǹkàn á wá dáwó, àwọn opó á gba ẹ̀rọ ìlọta, òróró á sì tà. Ọ̀gá mi, Ìbíkúnlé, ò fi ọ̀rọ̀ bò fún wa rárá. Ó ní, “Guys, òróró là ń tà o, àánú la kàn fi ń pọ́n ọn. Mo fẹ́ emotion! Kámẹ́rà gbọ́dọ̀ rí omijé.” Ìgò òróró tí wọ́n yà sí ara pátákó ibẹ̀ ga ju ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé tá a lò lọ. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣoore tó lóṣòó tì í, bí ẹni tí kò ṣe é ni. Àwọn wọ̀nyí ò tiẹ̀ lóṣòó, àga onítìmùtìmù ni wọ́n gbé tì í.

Pápá ilé-ìwé kan ní Surulere la ti ṣe é. Nígbà tí mo débẹ̀, àwọn tó ń gbé kánópì dúró ti ń ṣiṣẹ́, ta ni mo sì rí láàárín wọn bí kò ṣe Bọ̀dá Àkàngbé. Láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ti kógbá sílé ni wọ́n ti ń bá oníkánópì kan ṣiṣẹ́ òòjọ́. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n ní kí n má ba aṣọ mi jẹ́. Kò pẹ́ ni bọ́ọ̀sì já àwọn opó sílẹ̀, gbogbo wọn wọ ẹ̀wù yẹ́lò tó ní ìgò òróró láyà. Àǹtí Abọ́sẹ̀dé wà láàárín wọn! Mo rò pé wọ́n sin ẹnì kan wá ni. Mo juwọ́ sí wọn, wọ́n yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

Àwọn kan nínú àwọn opó ní láti jáde wá sọ̀rọ̀, èmi ni mo sì ń di máìkì mú fún wọn. Nígbà tí wọ́n pe Àǹtí Abọ́sẹ̀dé, mo gbé máìkì sí wọn lẹ́nu, Motọ́lání. Ìbíkúnlé bi wọ́n pé, “Mummy, ẹ sọ fún wa nípa daddy. Irú èèyàn wo ni wọ́n jẹ́ kí ọlọ́jọ́ tó dé?” Mo ń bẹ Ọlọ́run nínú ọkàn mi pé kí wọ́n kàn sá lọ. Wọ́n wá la ẹnu.

“Ọkọ mi, èèyàn dáadáa ni. Nígbà tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, wọn ò fi kanra mọ́ mi. Kí n tó jí, wọ́n á ti gbé omi ìwẹ̀ mi kaná. Nígbà tí mo bímọ tí ọmọ ò dúró, tí mi ò rí òmíràn bí mọ́, gbogbo ẹbí ní kí wọ́n fẹ́ ìyàwó mìíràn. Ọkọ mi ní èmi nìkan tó àwọn. Mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn rí. Mi ò sọ ọ́ fún wọn rí.”

Ni wọ́n bá bú sẹ́kún. Ẹkún gidi ni, kì í ṣe ti kámẹ́rà. Ìbíkúnlé ń na àtàǹpàkò sí mi, àwọn olówó ń nu ojú, wọ́n ń ki ọwọ́ bọ àpò. Èmi wo ẹ̀yìn. Bọ̀dá Àkàngbé dúró sídìí kánópì, wọ́n di irin rẹ̀ mú, wọn ò sì mira. Ojú wọn ò korò, kò sì dùn. Mi ò rí irú ojú bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Ẹni tó ń darí ètò wá pariwo pé kí ọkùnrin alágbára kan jáde wá bá màmá gbé ẹ̀rọ wọn dé ìdí ọkọ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó dìde, Bọ̀dá Àkàngbé ti jáde. Wọ́n fi àkísà ṣe òṣùká, wọ́n gbé ẹ̀rọ náà rù. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀gbẹ́ ìyàwó wọn, wọ́n rọra sọ̀rọ̀ kan, èmi tí mo wà nítòsí sì gbọ́ ọ. Wọ́n ní, “Ìyàwó olóògbé, ilé yá.”

Àǹtí Abọ́sẹ̀dé fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Àwọn èèyàn rò pé ìdùnnú ni, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, àwọn oníkámẹ́rà sì ń sáré tẹ̀lé wọn.

Kó tó di ọjọ́ kejì, àwòrán náà ti wà lórí fóònù gbogbo ayé: opó àti aláàánú tó bá a ru ẹrù, ìgò òróró láàárín wọn. Wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ní Ojúẹlẹ́gbà pàápàá. Àbúrò Bọ̀dá Àkàngbé obìnrin tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ gbọ́ ohùn Àǹtí Abọ́sẹ̀dé nínú fídíò, kò tíì rí àwòrán aláàánú, ó fi igbe ta, ó pe fóònù Àǹtí láti bá wọn dárò. Bọ̀dá fúnra wọn ló gbé e. Ó ní ta ló ń sọ̀rọ̀, wọ́n ní, “Èmi Àkàngbé ni.” Obìnrin náà ké “Jésù!” ó sì pa fóònù. Láti ìgbà náà kò gbé ìpè wọn mọ́.

Nínú ilé, wọn ò jà, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù jù. Àǹtí Abọ́sẹ̀dé á gbé oúnjẹ kalẹ̀, Bọ̀dá á ní, “Òkú kì í jẹun.” Àǹtí á ní kí wọ́n wá sùn, Bọ̀dá á ní ilẹ̀ lòkú ń sùn sí, wọ́n á sì tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn aláwàdà àdúgbò ń kí wọn pé, “Ẹ kú àjíǹde o!” Bọ̀dá kì í rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń rù, Motọ́lání, lójú wa báyìí.

Àǹtí Abọ́sẹ̀dé wá sí yàrá mi, wọ́n sunkún sí mi lára. Ẹni tó ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọta fún àwọn èèyàn tẹ́lẹ̀ ti gbà á, kò sì sí iṣẹ́ mìíràn. Opó nìkan ni àwọn olóròóró ń kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Àǹtí rò pé bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì ló máa rí, pé wọ́n á kàn pe orúkọ, wọ́n á kúnlẹ̀ gba ẹrù, wọ́n á lọ. Bọ̀dá sì ti ní Ìkẹjà làwọn ń lọ lọ́jọ́ náà, ọ̀gá wọn ló yí i padà láàárọ̀. Mo ní kí ló dé tí ẹ fi pa ọkọ yín, Àǹtí? Wọ́n ní, “Ṣùbòmí, bí mo bá ní ọkọ mi wà láàyè, ebi ló ń pa wá, ta ló máa yà mí ní fọ́tò?”

Àǹtí ní kí n bá àwọn dá ẹ̀rọ náà padà. Mo lọ bá Ìbíkúnlé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó di orí mú. Ó ní, “Ṣùbòmí, abeg, má jẹ́ kí client gbọ́! Kí wọ́n máa lo ẹ̀rọ wọn!” Ó wá ní àwọn olóròóró tiẹ̀ ti ránṣẹ́. Àwọn èèyàn orí fóònù ń bèèrè bóyá aláàánú yẹn ò lè kúkú fẹ́ opó náà. Bí àwọn méjèèjì bá gbà, àwọn á ṣe ìgbéyàwó fún wọn, òróró ọ̀fẹ́. Motọ́lání, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ọ́fíìsì!

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo jẹ́ iṣẹ́ náà fún wọn, torí mi ò mọ ohun tí mo tún lè ṣe. Àǹtí Abọ́sẹ̀dé ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé oúnjẹ tí Bọ̀dá ò ní jẹ kalẹ̀ ni. Bọ̀dá Àkàngbé wò mí, wọ́n wo ìyàwó wọn. Wọ́n ní, “Aláàánú ò kọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí opó yẹn sọ nípa òkú, ṣé ó lè sọ ọ́ lójú ààyè?”

Àǹtí Abọ́sẹ̀dé kúnlẹ̀. Kò sí máìkì, kò sí kámẹ́rà, ohùn wọn ò sì ròkè. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ látorí omi ìwẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé orí ọ̀rọ̀ ọmọ, Bọ̀dá na ọwọ́ sí abọ́ omi, wọ́n ṣanwọ́, wọ́n fa oúnjẹ sọ́dọ̀. Wọ́n bu òkèlè kan, wọ́n gbé e mì, wọ́n ní, “Abọ́sẹ̀dé, ǹ bá kú lóòótọ́ láì gbọ́ ọ.”

Mo jáde, mo sì pa ilẹ̀kùn dé fún wọn.

Jọ̀ọ́, ọ̀rẹ́ mi, bá mi dé ilé àbúrò wọn lọ́dọ̀ yín, ẹ̀yìn ọjà Tákíè ni wọ́n ní ó wà. Sọ fún un pé kó gbé fóònù rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń pè é, wọ́n wà láàyè, wọ́n sì ti ń jẹun. Bá mi kí ọkọ rẹ àti ìyá wa, kó o sì kọ̀wé sí mi kíákíá kí èmi náà tó rò pé o ti kú.

Èmi ni tìrẹ, tí ẹnu ṣì ń yà,
Ṣùbòmí.